Ta Ló Bu Iyọ̀ Sọ́bẹ̀ Bàbá?

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹnu sì ti ń yún mi láti àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agboolé wa lọ́nà Ìdíkàn ní Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kì í gbọ́. Kì í ṣe pé mo ń ṣòfófó o. Fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí ibi ẹ̀rọ omi, ibi ẹ̀rọ omi sì ni gbogbo ayé ti ń tú àṣírí ara wọn. Ṣé kí n wá fi òwú dí etí ni?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orí ń fọ́ Bàbá ilé wa, òòyì sì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde lójijì. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì we nǹkan mọ́ wọn lápá, ó ń fún un, ó ń fún un, ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ó mí kanlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà kọ oògùn, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ dín iyọ̀ kù. Oògùn ò dá wàhálà kankan sílẹ̀ nílé wa, iyọ̀ ló dá a sílẹ̀. Kí ọkọ̀ Micra tó gbé wọn padà dé ẹnu ọ̀nà, ẹjọ́ ti délé ṣáájú wọn: ta ló ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ Bàbá?

Ojú gbogbo èèyàn lọ sára Ìyàwó Kékeré. Ìyàwó ọmọ àbíkẹ́yìn Bàbá ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun ló sì ń dáná fún wọn láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wa. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ṣe rí. Tí ọbẹ̀ bá dùn, ìyá ọkọ ló kọ́ ọ. Tí ọbẹ̀ bá ṣe èèyàn, ilé bàbá rẹ̀ ló ti kó o wá. Èmi ìyáálé rẹ̀, mo dákẹ́. Mo dákẹ́ o, àmọ́ mo sún àga mi mọ́ fèrèsé.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkòkò agboolé wa. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìyàwó kan ti wá nílé wa, ẹ má bi í, òórùn ìkòkò rẹ̀ á sọ fún yín. Ìyàwó tó wá láti Èkìtì, odó rẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀ Sọ́ńdè. Kò gbà pé èèyàn ti jẹun tí kò bá tíì gbé iyán mì. Ti Abẹ́òkúta, láfún funfun ni tiẹ̀. Ará Òndó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ọbẹ̀ àpọn rẹ̀ máa ń fà láti inú àwo dé àgbọ̀n. Ìyàwó Kékeré ní tiẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ ni: á rin ewùrà, á máa ṣù ú sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó, á kó edé àti ẹja gbígbẹ sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e fún Bàbá, Ìyá Àgbà yọjú wo inú àwo, wọ́n ní, “Ṣé àṣáró tí ara rẹ̀ ò yá ni èyí?” Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi ìka nu àwo. Ìyá Àgbà ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Ìyá Àgbà. Àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú. Gbogbo oúnjẹ yòókù, ìpanu ni lójú wọn. Kò sí ìyàwó tó wọ agboolé yìí tí kò kọ́kọ́ jókòó ti adìrò wọn. Èmi náà jókòó níbẹ̀, èéfín sọ ojú mi di pupa. Wọ́n á ní kí o rẹ ẹ̀wà sómi, kí o bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí o da omi àkọ́kọ́ nù, kí o wá sè é títí yóò fi yọ́ pátápátá, kí o fi ajọ̀ sẹ́ ẹ. Ewédú, ìjábẹ̀ ni wọ́n ń fi jà á. Ọjọ́ tí wọ́n rí mi pẹ̀lú bléńdà, wọ́n ní, “Ìwọ ìyàwó yìí, ẹ̀rọ yìí ń gé ewédú lọ́rùn ni, ìjábẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.” Tí ẹnikẹ́ni bá sì mú mágí jáde lójú wọn, yéè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ìdílé wọn. Wọ́n á ní nínú ilé tí wọ́n ti bí àwọn, irú ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọbẹ̀, a kì í fi ìwé wé adùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Èmi fi sọ́kàn.

Irú ni ìyá tó bí Ìyá Àgbà ń tà nígbà ayé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irú lọ́jà, ẹ ò mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á se èso igi irúgbá láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, nítorí èèpo rẹ̀ le bí òkúta. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá kó o sínú igbá, wọ́n á fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ń dáná sí i mọ́, síbẹ̀ á máa gbóná fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ń fọ́ èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni adùn yẹn ti ń jáde. Ọmọ ọkọ mi kan tó wà ní yunifásítì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún igi irúgbá, Parkia, Mungo Park ni wọ́n fi sọ, òyìnbó tó bá omi lọ nínú Odò Ọya ní Bùsà ní 1806. Ẹ gbọ́ mi, àwọn ìyá wa sè é, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n bò ó, àlejò tó kàn ń kọjá lọ ni igi wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀!

Ó tún ní ní 1908 ni ará Japan kan, Kikunae Ikeda, rí ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn nínú ewé òkun, tó sì yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa tà á. Ọdún yẹn kan náà ni Julius Maggi ní Switzerland gbé tiẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n tẹ̀ di igun mẹ́rin. Irú adùn tí Ikeda ń wá kiri yẹn wà nínú igbá ìyá tó bí Ìyá Àgbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irú fúnra rẹ̀, ẹ̀wà ni, ara ń rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀. Mágí ní tiẹ̀, ẹ ka ara páálí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ wọn, iyọ̀ ni wọ́n kọ ṣáájú, ohun tó bá sì pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, àwọn kan lára àwọn tó ń ta irú báyìí máa ń po iyọ̀ mọ́ ọn kó má baà tètè bàjẹ́. Ẹ máa tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀ẹ́n, iyọ̀.

Nígbà tí Bàbá máa padà lọ sílé ìwòsàn, Ìyá Àgbà ní àwọn náà ń bá wọn lọ. Wọ́n ń lọ jẹ́rìí ni. Wọ́n fẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn. Ìyàwó Kékeré gbé báàgì tẹ̀ lé wọn, òun ló sì sọ èyí fún mi, nítorí náà ẹ má rò pé mo fi kún un. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, “Mọ́mì, ṣíbí iyọ̀ mélòó ni ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n máa bù sí ìkòkò, mà?”

Ìyá Àgbà wò ó. “Ṣíbí kẹ̀? Ọmọ mi, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n.”

“Ojú náà ńkọ́, mà, ṣé ó ṣì ń ríran dáadáa?”

Wọ́n ní gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tètè tọrọ gáfárà, ó sì mú ṣíbí tíì kan wá. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà kan máa jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Kì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan o. Ti búrẹ́dì wà níbẹ̀, ti mágí, ti ẹja oníyọ̀, ti indomie tí ẹ ń sè fún ọmọ. Ìyá Àgbà wo ṣíbí náà, wọ́n ní, “Gbogbo ilé ni tàbí ẹnì kan?” Ẹnì kan ni, mà. Wọ́n dákẹ́ títí wọ́n fi délé.

Ẹ sì wò ó, mi ò dá Ìyá Àgbà lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ojú. Báyẹn ni gbogbo wa ṣe kọ́ ọ. Ọmọ ọmọ wọn kan wà ní London, Peckham ló ti ń ra ewédú tí wọ́n sọ di yìnyín. Ó fi WhatsApp bèèrè gbẹ̀gìrì lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, kí wọ́n sọ ìwọ̀n gbogbo nǹkan fún òun. Wọ́n dá a lóhùn pé, “Bu ẹ̀wà tó máa tó yín. Bu epo tó máa ràn án. Iyọ̀, kó ṣáà tó.” Ọmọ náà tún gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ, ó wá pè mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ èmi. Ìgbà tí ìyá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, tó ń lu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́ tó bá bù ú jù, ìwọ̀n ojú yẹn dára. Ìgbà tí òkun bá wà láàárín wọn, ọmọ á kó orúkọ ọbẹ̀ lọ, á fi ọwọ́ tó ń sè é sílẹ̀ nílé.

Ohun tí mo sì ń rí nínú agboolé wa gan-an nìyẹn, láìsí òkun láàárín. A ń sọ pé a ń jẹ oúnjẹ ìdílé, orúkọ rẹ̀ là ń jẹ. Mọ́ínmọ́ín ṣì ń jẹ́ mọ́ínmọ́ín, inú nàìlọ́n ni wọ́n ń pọ́n ọn sí. Ewé eéran wà lóko, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ewé yẹn kan náà, èso tó wà nídìí rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti rí èròjà kan tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Thaumatin ni wọ́n ń pè é, E957 sì ni nọ́ńbà rẹ̀ lára páálí oúnjẹ wọn. Àwọn ń kó ìdí ewé wa lọ, àwa ń ra nàìlọ́n wọn. Èyí ò kan ọ̀rọ̀ iyọ̀, inú ló ń bí mi.

Nítorí oúnjẹ ìdílé tí mo ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn àgbà Ìdíkàn fún yín, ohun ìwúrí ni. Ní 1992 ni àwọn dókítà láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àdúgbò yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, akọni onímọ̀ ọpọlọ, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀; wọ́n kú ní 1995, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn sì bá a lọ. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè láti mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra. Bàbá àgbàlagbà kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ orúkọ ìyá tiwọn kí wọ́n tó bi òun ní tòun. Wọ́n tún ń ṣe é fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè fi wé ara wọn.

Ní 2001 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Nínú 1,000 àwọn àgbà Ìbàdàn, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn arán ń mú lọ́dún kan. Ti Indianapolis, bíi 32 ni. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré lára àwọn ará ibí ju tọ̀hún lọ, àti pé iṣu, àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ọ̀rá ò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn dókítà ò sọ pé ọbẹ̀ nìkan ló ṣe é o. Wọ́n mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá àti àwọn nǹkan mìíràn. Àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Àgbà! Láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, wọ́n ti pinnu pé gbẹ̀gìrì àwọn ni òyìnbó wá wò.

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Àwọn tó ti pé 65 lọ́dún 1992, irú oúnjẹ wo ni wọ́n jẹ dàgbà? Ẹran ò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹran ọjọ́ ọdún ni, ẹran ìnáwó ni, kékeré ni wọ́n sì ń gé e. Ẹ̀wà ni, tẹ̀tẹ̀ ni, ṣọkọ ni, ewúro ni, ẹ̀bòlò tí wọ́n já létí odò ni. Wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ẹ lọ sí búkà tó wà ní ìkóríta báyìí, àmàlà yẹn náà ni, gbẹ̀gìrì yẹn náà ni, àmọ́ ẹ wo ohun tó gun orí rẹ̀: ṣàkì, àbọ̀dí, ògúnfe, pọ̀nmọ́, ẹja díndín. Òkèlè ti di ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èyí tí Ìyá Àgbà kọ́ wa, owó ò pa á, iṣẹ́ ló pa á, ìyẹn ló fi ṣòro láti rí ẹni jogún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí mo bá kàn ń yin àwọn àgbà báyìí, ẹ ó rò pé wọ́n fún mi lówó. Àwọn náà ní tiwọn. Nílé bàbá mi, wọn kì í fún ọmọdé lẹ́yin jẹ, wọ́n ní á di olè. Ọmọ tó ń dàgbà, tí ara rẹ̀ ń wá ẹyin yẹn, omi ẹ̀kọ ni wọ́n ń fún un, Bàbá ló ń jẹ ẹyin. Èmi mọ ọkùnrin kan tí kò fẹnu kan ẹyin rí ní kékeré, ewúrẹ́ ló jí nígbà tó dàgbà. Ẹran náà, bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ẹran ń tóbi: eegun ni ti ọmọ, omi ọbẹ̀ ni ti ìyàwó tó lóyún. Ẹ sọ fún mi, ta ló nílò rẹ̀ jù nínú wọn?

Ẹ wo epo pupa pẹ̀lú. Ohun tó mú un pupa yẹn ni ara wa ń sọ di fítámì A, tó ń ran ojú lọ́wọ́. Àwa á gbé e kaná, a ó yọ́ ọ títí á fi funfun, ilé gbogbo á kún fún èéfín, a ó wá sọ pé ọbẹ̀ ọ̀fadà ti jinná. Ó dùn o! Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà má sọ pé nítorí ojú ni ẹ ṣe ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì ọ̀fadà fúnra rẹ̀ dára, wọn kì í bó èèpo inú rẹ̀ dànù tán.

Kànún ńkọ́? Ìyá Àgbà ò lè se ewédú láìsí kànún, wọn ò sì lè se ẹ̀wà láìsí i, kó lè tètè rọ̀. Nọ́ọ̀sì ló là wá lójú pé kànún ń ba fítámì B1 jẹ́, àti pé sodium tó wà nínú iyọ̀, tí a ń sá fún nítorí ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó wà nínú kànún náà. Ewédú tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já máa ń yọ̀ fúnra rẹ̀. Tí ewédú yín ò bá yọ̀ láìsí kànún, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín.

Ó yá, ẹ súnmọ́ mi. A ti dé ibẹ̀.

Ìyàwó Kékeré ti dín iyọ̀ kù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Mo mọ̀, nítorí mo tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkankan níbẹ̀, ẹnu mi ń wá a kiri. Síbẹ̀, tí oúnjẹ bá dé iwájú Bàbá, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á ní, “Ọbẹ̀ yìí mà dùn o.” Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ìyàwó Kékeré ló ń sè é, àmọ́ kó tó bù ú, Ìyá Àgbà á tẹ ọ̀pá wọ ilé ìdáná, wọ́n á ní, “Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Lọ wo aṣọ tí o sá.” Ọmọ náà á lọ wo aṣọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń lọ wo aṣọ, kódà ọjọ́ tí kò fọṣọ.

Ọmọkùnrin kan wà nínú agboolé wa, Akọ̀wé ni èmi ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo wa wà níbi ẹ̀rọ omi: ará Èkìtì, ará Abẹ́òkúta, Ìyàwó Kékeré ń fọ ìkòkò. Akọ̀wé sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ní àárín àgbàlá, ó pariwo pé, “Ìyá Àgbà o! Wọ́n ní mágí ti gbówó lórí, èyí tí ẹ máa ń ní kí n rà kò pé mọ́ o! Ṣé kí n ra mẹ́ta?”

Ẹ̀rọ omi nìkan ló ń dún.

Ìyá Àgbà yọrí jáde. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wo gbogbo wa. Wọ́n ní, “Mágí wo? Irú ni mo ní kó lọ rà.” Akọ̀wé, ọmọ tí kò mọ ìgbà tí èèyàn ń dákẹ́, dá wọn lóhùn pé, “Rárá mà, ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n fi pamọ́ sínú àpò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.” Ará Èkìtì fi garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ rẹ́rìn-ín sẹ́yìn ilé. Èmi dúró. Èmi ò lè lọ, kí n má baà pàdánù èyí tó kù.

Ẹ mọ ohun tó dùn mọ́ mi nínú Ìyàwó Kékeré? Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá wa, ẹ má bínú. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.” Wọ́n wọlé. Ilẹ̀kùn ti, àmọ́ fèrèsé wọn kò ní gíláàsì.

Ìyá Àgbà ní ẹnu àwọn ò mọ adùn mọ́. Ó ti pẹ́. Ọbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ní ó dùn, bí omi lásán ló rí lẹ́nu àwọn, àwọn sì rò pé ọmọ Ìjẹ̀bú yìí ò mọ ọbẹ̀ sè, nítorí kí Bàbá má baà máa jẹ ìjẹkújẹ làwọn ṣe ń tún un ṣe. Wọ́n ní irú òde òní náà ò dùn lẹ́nu bíi ti ìyá àwọn. Nígbà tí Ìyàwó Kékeré sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí, pé bí èèyàn ṣe ń dàgbà ni ahọ́n ń rẹ̀, tí àgbàlagbà á máa bu iyọ̀ kún iyọ̀ láìmọ̀. Àánú wọn ṣe mí nígbà yẹn. Ẹni tó ti fi ahọ́n ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo agboolé, ahọ́n wá já a kulẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ jáde.

Ìpàdé ilé wáyé. Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀, ó gùn, ọkọ mi àgbà kan sì sùn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi tì sí ni pé Ìyá Àgbà á jókòó sórí àga nílé ìdáná, wọ́n á máa darí ẹ̀wà, ìjábẹ̀ àti irú, kí ọwọ́ yẹn má baà kú mọ́ wọn lára. Iyọ̀, Ìyàwó Kékeré nìkan ló ń wọ̀n ọ́n, ṣíbí ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Mágí jáde, kànún jáde. Ó mú irú pọ̀ sí i, ó gún àlùbọ́sà àti ata tútù dáadáa, ó já efinrin sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín iyọ̀ náà kù, nítorí nọ́ọ̀sì ní ahọ́n máa ń gbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún Akọ̀wé lẹ́yin jẹ. Bóyá nítorí ìlera ni, bóyá nítorí kó lè pa ẹnu mọ́, èmi ò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n tún wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Oògùn wọn wà níbẹ̀ o! Kí ẹnikẹ́ni má lọ da oògùn nù kó ní èmi ni mo ní kó máa jẹ irú. Ìyá Àgbà ń sọ káàkiri pé gbẹ̀gìrì ìdílé àwọn ló wò ó. Ìyàwó Kékeré ń bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ yẹn máa pẹ́ nílé ọkọ.

Ó kù kékeré kan tí mo fẹ́ fi sí i kí ẹ tó dìde. Ẹ mọ̀ pé Bàbá máa ń lọ ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò nírọ̀lẹ́, wọ́n á wọ fìlà, wọ́n á mú ọ̀pá. Mo lọ ra kẹrosíìnì ní ìkóríta, mo bá wọn nínú búkà, àmàlà méjì, àbọ̀dí mẹ́rin, iyọ̀ nínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Kò sí ìpàdé kankan. Bàbá wò mí, mo wo Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹran kan sí nàìlọ́n fún mi. Mo ti jẹ ẹran náà, nítorí náà mi ò lè sọ ọ́ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ níbẹ̀, tí ẹ bá pàdé Ìyá Àgbà, ẹ lè bá mi fi tó wọn létí. Ẹ má ṣáà dárúkọ mi.